Ìlà Kọkànlélógójì

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. "Abẹ́rẹ́ mítà yẹn nìkan ni kí o máa wò."

Ìbíwùmí ti ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀, ó sì ti fi aṣọ bo fèrèsé, síbẹ̀ oòrùn àárọ̀ ń yọjú wọlé létí aṣọ náà. Orí tábìlì tí ó ti máa ń gé ẹ̀fọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn wà: bátìrì méjì, wáyà mélòó kan, mítà àtijọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, àti alákàn kan ṣoṣo. Alákàn ni gbogbo ará Ìsàlẹ̀-Odi ń pe nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, tí kò ju èékánná lọ, tí ó máa ń gbọ́ iná tín-ín-tín tí yóò sì sọ ọ́ di ńlá. Ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta ló fi ń gbọ́ràn, ẹsẹ̀ kẹfà ló fi ń fèsì.

Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ti kógbá sílé láti ìgbà tí Ìbíwùmí ti wà lọ́mọ ìkókó. Ìwọ̀nba tó kù láyé, àwọn bíi Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ń wú u nínú òkìtì àlòkù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì kó o lọ fún Ilé Àfarawé tó ń bójú tó odi òkun. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iná tòótọ́ dán alákàn wò. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe, lọ bi ẹ̀dà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà kì í jóná, ẹ̀dà kì í tán. Ẹni tí wọ́n bá ká bátìrì àti alákàn mọ́ lórí tábìlì kan náà, ọdún méje ni yóò fi máa kó ẹrẹ̀ nídìí odi òkun.

"Bàbá, bí wọ́n bá mú yín ńkọ́?"

"Ọmọ ọgọ́rin ọdún ni mí, Ìbí. Kí wọ́n wá mú mi, kí n lè ríbi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́." Ó fi ìka rẹ̀ tó ti wọ́ sórí kókó kan tí ó fi ń dín iná kù. "Ó yá. Òkun rèé. Mò ń gbé e gòkè."

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún un. Bí omi òkun bá ṣe ń gòkè lẹ́yìn odi ni iná tó wà ní ẹsẹ̀ kẹta alákàn máa ń lọ sílẹ̀. Bí alákàn bá fèsì pé iná lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn odi yóò tì. Bí òkun bá fà, iná yóò gòkè, ilẹ̀kùn yóò ṣí, ìdọ̀tí àti omi òjò ìlú yóò sì ṣàn jáde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo etí òkun yìí ṣe ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún, lábẹ́ omi, láì rì.

Abẹ́rẹ́ mítà ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe yẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lójijì ni ó fò sókè, ó lọ gbá orí mítà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe," ni Ìbíwùmí wí.

Ó tún un ṣe. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó yọ alákàn náà, ó mú òmíràn nínú àpò rẹ̀ fi sí i, ó tún fi ẹ̀kẹta sí i. Gbogbo wọn ló fò.

"Omi dé àmì kẹsàn-án lára odi, alákàn ní omi ti fà," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. "Ilẹ̀kùn tó yẹ kó tì, ńṣe ni yóò ṣí. Wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí, ojú rẹ̀ ń fọ́ nígbà tí ewu bá dé gan-an. Kí ló dé tí ẹ̀dà rẹ kò sọ fún wa?"

Ìbíwùmí ń wo abẹ́rẹ́ mítà tó dúró sókè. Ó mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti mọ̀ ọ́n.

Òun ló kọ ẹ̀dà alákàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ojú rẹ̀ mú, ó sì máa ń kánjú. Ó ti kà á nínú ìwé àtijọ́ kan pé irú alákàn yìí máa ń yí ohùn padà bí etí rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ìyẹn bí iná inú etí náà bá tán pátá, ó sì kọ ọ́ sínú ẹ̀dà náà, ní ìlà kọkànlélógójì. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú akàn, kọ̀ǹpútà kì í mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ti tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà Àfarawé yóò yí, yóò yí, yóò sì kọ ọ́ síta pé: Kò yanjú. Ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà ń fẹ́ iṣẹ́ náà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ní Ọjọ́bọ̀, Ìbíwùmí yọ ìlà náà kúrò. Ẹ̀dà náà yanjú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dán gbinrin. Kí ihò náà má bàa ṣófo, ó kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, bí ẹni tó gbá pàǹtí sábẹ́ ẹní: Omi kò ní dé ibẹ̀.

Àmì kẹrin ni òkun ń dé láyé ìgbà náà. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá.

Ohun tí kò rò ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ Ilé Àfarawé yóò máa kọ́ ẹ̀dà sórí, tí wọn yóò máa ké e ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ̀ má bàa bá kọ̀ǹpútà lọ bí kọ̀ǹpútà bá kú. Wọ́n ké ìlà ogójì, wọ́n ké gbólóhùn rẹ̀ yẹn tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ sí ìkejìlélógójì. Gbólóhùn náà dùn létí. Ó kúrò lẹ́nu ọmọ iṣẹ́, ó dé ẹnu ìyàwó wọn, ó dé ojú agbo ìkómọ. Wọ́n fín in sára gbogbo ilẹ̀kùn odi. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lọ́nà, ọ̀kan á ní, "Omi kò ní dé ibẹ̀," èkejì á ní, "Láéláé." Àwáwí ọmọbìnrin kan tó ń kánjú lọ sílé ti di àdúrà odidi ìlú, wọ́n sì ti torí rẹ̀ gbé e sọ́rùn jó lójú agbo rí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti rántí ẹ̀rín yẹn, ojú máa ń tì í.

Lọ́dún tó kọjá, òkun dé àmì kẹjọ.

Lónìí ni òkun yóò kún jù lọ́dún yìí, lónìí náà sì ni Ìjókòó ilẹ̀kùn tuntun. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ilẹ̀kùn pé ó dára, òun àti ará ilé rẹ̀ ni yóò jókòó nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí òkun kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó sì fà, lójú wọn. Ẹni tó fọwọ́ sí èyí ni Morádékẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíwùmí bí. Ará ilé rẹ̀ ni Dúnsìn, ọmọ oṣù mẹ́ta.

"Ìbí," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí bó ṣe ń ká wáyà rẹ̀, "àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

* * *

Láńrewájú, olórí Ilé Àfarawé, ọmọ iṣẹ́ Ìbíwùmí ni tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́ ọ nígbà tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ kejì alákàn yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ kẹta. Bí ó ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ oyè ti wà lọ́rùn rẹ̀ fún ayẹyẹ ọ̀sán.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Omi kò ní dé ibẹ̀."

Ó yẹ kí Ìbíwùmí dáhùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Láńre, alákàn ń yí ohùn padà ní àmì kẹsàn-án."

Láńrewájú kò béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó pe ẹ̀dà alákàn, ó gbé omi dé àmì kẹsàn-án, ó gbé e dé ìkẹwàá. Ìlà aláwọ̀ búlúù kan sọ̀kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó kan ilẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀ bí ológbò.

"Ẹ wò ó, Mà. Ẹ̀dà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ohun tí a kò bá kọ sí i, kò lè rí i. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò."

"Ta ló wá fi hàn yín pé..." Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ rán wọn lọ mú un."

"N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣeun." Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. "Igba ó lé méjìlá ilẹ̀kùn ló wà létí òkun yìí, Mà. Alákàn ló wà nínú gbogbo wọn, ẹ̀dà yín ni gbogbo wọn fi gba ìwé. Bí mo bá pa ẹ̀dà yẹn rẹ́ láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ti di aláìlẹ́rìí nìyẹn. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí wọn, orúkọ wọn pa rẹ́. Wọn ò ní fọwọ́ kan wáyà mọ́ títí tí wọ́n á fi kú. Ẹ mọ ẹni tó máa ṣíwájú."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ni."

"Láti ọmọ ọdún méje ni Morádékẹ́ ti ń ké ẹ̀dà yẹn! Kí ló tún mọ̀ láyé? Ká tiẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀, bí ìròyìn yìí bá jáde lónìí, àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn á sá. Ta ló máa wá fi ọwọ́ tì wọ́n?" Ó wo ojú rẹ̀, àánú sì wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. "Àwọn tó ń wọn òkun sọ pé àmì kẹjọ àti díẹ̀ ni tòní. Ẹ jẹ́ ká ṣe Ìjókòó yìí tán. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ẹ̀yin nìkan, a ó jókòó níhìn-ín, a ó sì fi ìlà yẹn sí i jẹ́jẹ́. A ó máa tún àwọn ilẹ̀kùn náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Díẹ̀ mélòó?"

"Mà?"

"O ní àmì kẹjọ àti díẹ̀. Díẹ̀ mélòó?"

Láńrewájú wo ilẹ̀. "Díẹ̀ ni wọ́n pè é, Mà."

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ìbíwùmí. Ìtura sọ̀ sí i láyà bí omi tútù. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, ti ọmọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ á sùn sílé rẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Ó dáa, Láńre." Orí àtẹ̀gùn ló ti wá rántí pé bí òun ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá òun gan-an nìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí.

* * *

Ní ọ̀sán, èrò ti kún orí odi. Nísàlẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn irin tuntun tó ga tó ilé alájà méjì, Morádékẹ́ jókòó sórí àpótí pẹ̀lú Dúnsìn lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kẹ̀kẹ́ irin wà, èyí tí wọ́n lè fi ọwọ́ yí tí ọ̀pá ìdábùú yóò fi di ilẹ̀kùn náà pa, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo wà lára rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí ilẹ̀kùn nìkan ló ń ní kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lò ó rí. Ẹni tó bá ṣí àgádágodo yẹn ti sọ fún ayé pé irọ́ ni iṣẹ́ òun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́.

Iná pupa ń tàn lókè ilẹ̀kùn: òkun ti ga, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìbíwùmí lọ bá ọmọ rẹ̀ kí ó tó gun orí pèpéle. "Morádé, gbé ọmọ yẹn fún mi. Oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún un."

"Màámi, ẹ mọ̀ pé kò ṣeé ṣe." Morádékẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tó ti bímọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán lọ́jọ́ náà. "Bí wọn ò bá rí Dúnsìn níbí, wọ́n á ní mi ò gba iṣẹ́ ara mi gbọ́. Àbí ẹ̀dà yín ni ẹ̀yin ò gbà gbọ́?"

Ìbíwùmí fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó gbóná, ó rọ̀. Ó yí padà, ó gun orí pèpéle, nítorí òun tó kọ ẹ̀dà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú níbi kíké rẹ̀.

Ó ń ké e, èrò ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Etí rẹ̀ méjì, kò sí èyí tó ń mu iná. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín etí méjì ni yóò sọ di púpọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò lè ga ju àjà lọ, kò lè rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Lókè odi, ọkùnrin tó ń wo òkun ń kígbe àmì. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kígbe pé, "Àmì keje!" Nígbà tí wọ́n dé ọgbọ̀n, ó kígbe pé, "Àmì kẹjọ!" Ìbíwùmí mọ̀ pé òun ń yára jù. Ó gbìyànjú láti rọra.

"Àmì kẹjọ ti kọjá!"

Nísàlẹ̀, ètè Morádékẹ́ ń bá a lọ, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó ti béèrè rí pé, "Màámi, lẹ́yìn ogójì, níbo ni ìkọkànlélógójì wà?" Ìbíwùmí ní, "Kò gbọ́ràn, mo lé e jáde nílé." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ó ké ìlà ogójì. Èrò gbà á. Wọ́n ti la ẹnu sílẹ̀ de àdúrà wọn. Àwọn kan ti gbé ọwọ́ sókè.

"Bí etí rẹ̀ bá kan ilẹ̀," ni Ìbíwùmí ké, "ẹnu rẹ̀ yóò yí padà, yóò pe ìsàlẹ̀ ní òkè."

Ẹnu ti mọ́ wọn lára. Ìdajì èrò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó gbé ọwọ́ sókè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Mà!" Láńrewájú ti ń gun pèpéle bọ̀. "Ẹ sọ̀kalẹ̀. Mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìlà kọkànlélógójì nìyẹn. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Kò jẹ́ kí iṣẹ́ mi yanjú, mo sì ń kánjú. Èyí tí ẹ̀ ń gbà ládùúrà yẹn, kì í ṣe àdúrà. Ohun tí mo fi bo ihò ni." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Tí òkun bá dé àmì kẹsàn-án, ilẹ̀kùn yìí máa ṣí. Morádé! O bi mí, mo sì parọ́ fún ọ."

Morádékẹ́ ti dìde. Kò wo ìyá rẹ̀. Ó ń wo òkè ilẹ̀kùn, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì hàn pé ó ń ka nǹkan lọ́kàn: ẹsẹ̀ kẹta, ilẹ̀, ẹnu. Onímọ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ó fi débẹ̀. Ìbíwùmí rí i nígbà tó débẹ̀, nítorí gbogbo ìdùnnú ojú rẹ̀ wá lọ pátá.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

"Morádékẹ́, má ṣe é!" Láńrewájú kígbe. "Bí o bá ṣí i, orúkọ rẹ ti lọ nìyẹn. N kò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀!"

"Má ṣe é o!" ni èrò náà ń kígbe. Àwọn kan ń sunkún. Àwọn kan ti ń ti ara wọn lórí àtẹ̀gùn.

Ìbíwùmí ti sáré sọ̀kalẹ̀ kí ó tó mọ̀. Morádékẹ́ tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà fún un.

"Ẹ gbà á," ni ó wí. "Ọwọ́ méjèèjì ni mo máa fi ṣe é."

Kò pè é ní Màámi. Ìbíwùmí gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yẹ kó wà, ó sì gbá Dúnsìn mọ́ àyà.

Iyọ̀ òkun ti jẹ àgádágodo náà, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó já. Morádékẹ́ fa ẹ̀wọ̀n náà dànù, ó di kẹ̀kẹ́ irin náà mú, ó sì fi gbogbo ara yí i. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pá ìdábùú ń wọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń han etí.

"Àmì kẹsàn-án!" ni ọkùnrin orí odi kígbe, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Ó dé àmì kẹsàn-án o!"

Ọ̀pá náà wọ ihò rẹ̀ gbàmù.

Iná pupa kú. Iná àwọ̀ ewé tàn. Nínú àpótí kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn, alákàn kan tí kò ju èékánná lọ ti sọ fún ẹ̀rọ pé òkun ti fà, ẹ̀rọ sì gbọ́ràn: ó kùn, ó fa ilẹ̀kùn náà pé kó ṣí. Ọ̀pá ìdábùú tẹ̀ díẹ̀. Omi iyọ̀ tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ta sí wọn lójú. Ọ̀pá náà dúró. Ẹ̀rọ ń fà, ó ń fà, títí èéfín fi yọ lára rẹ̀ tí ó sì dákẹ́.

Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, bí ó ti mọ́ ọn lára, "Omi kò ní..." Kò parí rẹ̀.

Láńrewájú wo iná àwọ̀ ewé náà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó sì sọ fún gbogbo ilẹ̀kùn yòókù létí òkun pé kí wọ́n já àgádágodo wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò tíì mọ èyí tí yóò gbọ́ lásìkò àti èyí tí kò ní gbọ́.

Dúnsìn bú sẹ́kún. Ìbíwùmí ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, omi iyọ̀ ń kán sílẹ̀ lára gèlè rẹ̀.

Morádékẹ́ kò tíì fi kẹ̀kẹ́ irin sílẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Ẹ tún un kà," ni ó wí.

"Èwo?"

"Ìkọkànlélógójì. Ẹ rọra kà á, kí n lè mọ̀ ọ́n sórí."

Ìbíwùmí kà á. Ó rọra kà á dé òpin, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Morádékẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, láì yí ojú padà.